Ariwo Ni Mo Fi Owó Rà

Gbogbo ẹni tó bá gbé rédíò tàbí áńpù lọ sọ́dọ̀ onírédíò ní Kàdúná, ohun kan náà ló ń wá: kí ariwo inú rẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo gbé owó lọ pé kí wọ́n bá mi fi ariwo sí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá Onírédíò, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú, wọ́n wá bi ọmọ iṣẹ́ wọn léèrè bóyá ó gbọ́ ohun tí àwọn gbọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, gìtá rẹ dára?"

"Ó dára, bàbá."

"Áńpù ńkọ́?"

"Òun náà dára, sà."

"O wá fẹ́ kí n bà á jẹ́."

"Ẹ má bà á jẹ́ o, bàbá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kó bàjẹ́. Kó sì bàjẹ́ dáadáa."

"Haba!"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n dàgbà sí, Haúsá sì ti wọ inú Yorùbá wọn débi pé bí inú bá ń bí wọn, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Television, àdúgbò tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní apá gúúsù ìlú. Rédíò, fáànù, tẹlifíṣọ̀n onígbá-ńlá àtijọ́ àti DVD tí olówó wọn ti gbàgbé wọn kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé páànù.

Fún ẹni tí kò bá mọ pẹ́dà gìtá, àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tí onígìtá ń gbé sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Wáyà tó ti ara gìtá bọ̀ á wọ inú rẹ̀, òmíràn á ti inú rẹ̀ lọ bá áńpù. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, ohùn tó mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀ á há, á máa kùn, á tún máa fà lọ lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó ti dákẹ́. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó kó sí mi lórí ni wọ́n ń pè ní fuzz. Ẹ lọ gbọ́ Chapter One, àwo tí ẹgbẹ́ BLO ṣe ní 1973, ohun tí mò ń wí á yé yín. Berkley Jones, Láolú Akíntóbi àti Odùmósù ni wọ́n, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n kó jọ tó di BLO. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St Gregory's l'Ékòó tó ń jẹ́ Ofege gbé àwo tiwọn jáde. Ọmọ ilé-ìwé o! Gìtá wọn sì ń ké bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé láàárọ̀, tí mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Tasha lọ́jọ́ ìsinmi, àgbà ti ń dé sí mi kí irú ohùn yẹn tó wọ̀ mí lára. Bí nǹkan ọmọdé bá sì mú àgbàlagbà, kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mo rò ó fún Bàbá pé kò sẹ́ni tó pète ariwo yìí níbẹ̀rẹ̀. Ní 1960, ní Nashville l'Amẹ́ríkà, Marty Robbins ń gba orin kan sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, Grady Martin ń ta gìtá béèsì sí i. Ibi tí ohùn béèsì náà ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ ti bàjẹ́, nígbà tó kan àdáta rẹ̀, ìkùn ló ń jáde. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin náà jáde ní 1961, ó sì tà. Glenn Snoddy tó ń bójú tó ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà wá wá ọgbọ́n àpótí kan tó lè mú irú ohùn yẹn jáde nígbàkígbà, ilé-iṣẹ́ Gibson gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1962, wọ́n sọ ọ́ ní Maestro Fuzz-Tone. Ìgbà tí Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones fi í ṣe orin Satisfaction ní 1965 ni ọjà rẹ̀ wá yá.

"Dúró ná," Bàbá wí. "Ẹ̀rọ òyìnbó bàjẹ́, wọ́n wá ń ta bíbàjẹ́ rẹ̀ fún ayé rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wo gbogbo òkú rédíò tó yí wọn ká, láti ilẹ̀ dé òkè. "Ó jẹ́ pé olówó ni mí láti ọjọ́ yìí, n ò mọ̀."

Mo tún fi ti Dave Davies kún un, ọmọ ẹgbẹ́ Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi abẹ ya sìpíkà áńpù rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè bàjẹ́ fún orin tí wọ́n gbé jáde ní 1964. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá, ọmọ Haúsá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mọ́ ojú sìpíkà tó ya lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó wò mí, ó wo sìpíkà, ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura sí ọmọ yìí láti ìgbà náà.

Kí n ra ti òyìnbó kò ṣeé ṣe. Bí náírà ṣe rí yìí, owó oṣù olùkọ́ á wọlé, á jáde, kò sì ní tó. Ṣùgbọ́n àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó sì dà bí ẹni rọrùn jù nínú wọn ni Fuzz Face, tí ilé-iṣẹ́ Arbiter gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966. Òun ni Jimi Hendrix máa ń tẹ̀. Róbótó ni wọ́n ṣe é, nítorí ìdí òpó máíkì ni wọ́n wò tí wọ́n fi rí bátànì rẹ̀. Inú rẹ̀ kò ní ju nǹkan mọ́kànlá lọ: tíránsítọ̀ méjì, rẹsítọ̀ mẹ́rin, kàpásítọ̀ mẹ́ta, àti kọ́núbù méjì tí wọ́n ń yí. Mo kà á, mo tún un kà. Ohun tó ń wọ inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ló sì ń sè é láìwo ìwé.

Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Mo sọ ìtàn Mdou Moctar fún un, ọmọ Niger tó wà ní ẹ̀bá wa níbí, tó fi igi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́, tó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn rẹ̀, tó sì ń ta á káàkiri ayé lónìí. "Ìyẹn ò ní gìtá ló ṣe wá bíréèkì lọ," ó dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin ní gìtá nílé, Bàbá Ìbejì. Kí lẹ̀ ń wá?"

Mo lọ sí ọjà ńlá Sheikh Gumi, mo ra irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, mo ra lẹ́ẹ̀dì, mo ra Veroboard, pátákó tí bàbà tẹ́ sí lábẹ́ ní ìlà-ìlà. Mo gbàgbé pẹ́ẹ̀sì, ọ̀rá tí wọ́n ń fi sí i kí lẹ́ẹ̀dì lè mú. Mo wá yà ní Panteka nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ Panteka mọ̀ pé kò sí irin tí wọn kì í sọ di nǹkan mìíràn níbẹ̀. Wọn á fi àlòkù irin ṣe ìlẹ̀kùn, ààrò, àpótí, ohun tó bá ṣáà ti wù ọ́. Mo bá àwọn tó ń di ojú ihò ráditọ̀ mọ́tò, mo ní kí wọ́n ta díẹ̀ fún mi nínú èyí tí wọ́n ń lò. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìgbéraga kò jẹ́ kí n sọ. Mo ní iṣẹ́ ni.

Ásíìdì wà nínú ti àwọn oníráditọ̀. Ó dára fún irin mọ́tò, nítorí á jẹ ìpẹtà kúrò. Lára pátákó tèmi, kò rí ìpẹtà jẹ, ó wá jẹ bàbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìsàlẹ̀ iṣẹ́ mi ti di àwọ̀ ewé, àwọn okùn bàbà rẹ̀ ń ṣí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ló fà á.

Àṣé jíjó lẹ́ẹ̀dì gan-an ní ìlànà. Irin náà ni wàá fi kan ẹsẹ̀ rẹsítọ̀ àti bàbà pátákó lẹ́ẹ̀kan náà, wàá jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbóná, kí o tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́ẹ̀dì tó wọ́pọ̀, àdàlù tin àti òjé, máa ń yọ́ tán ní nǹkan bí 190 digíríì, ẹnu irin sì lè lé ní 300. Bí oríkèé bá gbóná dáadáa, lẹ́ẹ̀dì á sáré wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, á máa dán. Èmi kò mọ̀. Èmi á yọ́ lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu irin, mà á gbé e lọ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, mà á wá ro ó lé e lórí. Ó máa ń jókòó síbẹ̀ ní kókó, ó dúdú, kò dán, bí mo bá sì fi ọwọ́ kàn án, á bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá rí i lẹ́yìn náà, wọ́n fi èékánná ṣí wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń kó wọn sínú ìdérí ìgò. Kò dùn mọ́ mi.

Nípa ti irin tó já bọ́ lórí tábìlì tí mo nawọ́ hán, mi ò ní sọ púpọ̀. Onígìtá ni mí, ọwọ́ mi ti mọ́ kí ó yára. Ó yára lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ òsì ni, èyí tí mo fi ń tẹ okùn, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ìka mi kò fi lè kan gìtá. Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ akọrin béèrè, mo ní epo àkàrà ló ta sí mi. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé n kì í dín àkàrà.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ní àdúgbò wa, iná a máa dé, a máa lọ, kò sẹ́ni tó ń bi í. Ó lọ nígbà tí mo fi irin kan tíránsítọ̀ lọ́wọ́. Irin tutù díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀dì dì, irin, pátákó àti tíránsítọ̀ di ara kan. Mo gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì oníke àwọn Ìbejì, mo lọ sùn. Mi ò yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní òru, iná dé.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń jó?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò-sí-nǹkan yẹn ń rùn o!"

Tábìlì náà ní ihò láàárín títí di òní. Àwọn Ìbejì ń ti bíìrò gba ibẹ̀.

Kí n má parọ́, àṣìṣe kan wà tí n kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná. Àwòrán tí mo tẹ̀lé, ojú òkè pátákó ló yà, níbi tí àwọn rẹsítọ̀ jókòó sí. Èmi yí pátákó dojú délẹ̀ kí n lè rí bàbà, mo sì ń tẹ̀lé àwòrán náà lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà ní ọ̀tún bọ́ sósì, tòsì bọ́ sọ́tún. Mo parí rẹ̀, ó gún régé, ó wu ojú. Kò dún. Mo tún àwọn rẹsítọ̀ wò, mo rí i pé lábẹ́ gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà ní yàrá wa, mo ti ka ìlà àwọ̀ ilẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn, mo fi 47,000 sí ibi tó yẹ kí 470 wà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Kò dún síbẹ̀. Mo ní bóyá agbára ni kò tó, mo gbé ẹ̀rọ tó ń fún móódẹ̀mù wa ní iná, 12 volt, mo fi rọ́pò bátìrì 9 volt. Lọ́jọ́ náà ló dún. Kàpásítọ̀ kan bú gbàmù, ìdérí rẹ̀ fò lọ sí òkè àjà, èéfín rẹ̀ tó ń rùn bí ẹja bàjẹ́ lé gbogbo wa jáde. Nínú Fuzz Face onígermanium àtijọ́, ẹnu pósítíìfù bátìrì ni wọ́n máa ń so mọ́ ara àpótí, kì í ṣe négátíìfù bí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Àkọsílẹ̀ wà nípa rẹ̀ lábẹ́ àwòrán. Mo rò pé ìpolówó ni.

Ìgbà náà ni mo gbé ìtìjú tà, tí mo kó gbogbo rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù lọ sí Television.

Bàbá kò bú mi. Wọ́n fà á yọ, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Kai." Wọ́n dá mi jókòó lórí àpótí sìpíkà, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ JSS One. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀mú tó tín-ín-rín di ẹsẹ̀ tíránsítọ̀ mú nígbà tí mo bá ń jó o, kí ooru lè gba ara ẹ̀mú lọ dípò kó gun òkè lọ pa á. Wọ́n wá gbé agolo mílíìkì kan sílẹ̀ láti ẹ̀yìn pẹpẹ wọn, wọ́n dà á sórí ìwé ìròyìn. Tíránsítọ̀ germanium ni, tí wọ́n tú kúrò nínú àwọn rédíò tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1970, ẹsẹ̀ wọn ti ń dúdú. Bàbá ń yí wọn ní ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ohun tó wà lára wọn sókè: OC71, OC44, AC128. "Irú wọn ṣọ̀wọ́n lọ́jà báyìí," wọ́n ní. "N kò mọ ìdí tí mo fi ń tọ́jú wọn." Wọ́n yan AC128 méjì fún mi, wọ́n wá fi mítà wọ̀n wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń nà án sí mi, wọ́n fi ìka kan án: "Ooru. Ooru ni ọ̀tá wọn. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ọyẹ́ ń mú lọ́wọ́, mo wọ súwẹ́tà. Ta ló ń ronú nípa ooru?

Ó dún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí yangàn díẹ̀: ó dún! Okùn kan péré ni mo fi ọwọ́ kàn, gbogbo fèrèsé ń gbọ̀n. Onílé wa, Alhaji kan tó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, rán ọmọ wá béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wa ń fẹ́ ìtọ́jú.

Inú ike bọ́tà ni mo kó o sí. Ìyẹn náà ni mo gbé lọ sí ìṣọ́-òru lọ́jọ́ Ẹtì. Orin ìyìn lọ dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ ń hó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a dákẹ́ fún àdúrà, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo ti dákẹ́, gìtá ti dákẹ́. Pẹ́dà ni kò dákẹ́. Láti inú áńpù mi, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Haúsá, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó ń ka iye tí wọ́n ń ta àgbàdo àti ajílẹ̀. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ojú wà ní dídì, màmá kan lẹ́yìn wa sì ti ṣe "Àmín" sí iye àpò ajílẹ̀ kí ó tó yé wọn pé kì í ṣe wòlíì ló ń sọ̀rọ̀. Mo fà wáyà yọ. Gbìí! Èyí tún wá burú ju ti ọkùnrin Haúsá lọ.

Olórí ẹgbẹ́ akọrin fi ojú kan pè mí. "Ta ló gbé rédíò wá sílé Ọlọ́run?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe rédíò o, pẹ́dà gìtá ni."

"Pẹ́dà gìtá ló ń ka ìròyìn?"

Bàbá Onírédíò rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ohun tí mo ṣe kò yàtọ̀ sí rédíò àtijọ́: wáyà gìtá mi gígùn di eriali, tíránsítọ̀ àkọ́kọ́ sì gba ìgbì rédíò tó wọlé, ó ya ohùn inú rẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́lẹ́ bí ti rédíò ṣe ń ṣe, ó tún wá gbé e ga. Ìgbì rédíò mídíọ̀mù wéèfù sì máa ń rìn jìnnà gan-an lóru. "Àwọn ènìyàn ń san owó fún mi kí n tún rédíò wọn ṣe kó lè sọ̀rọ̀," Bàbá ní. "Ìwọ ò pète rédíò, o fi ike bọ́tà ṣe é." Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò le: kí n fi kàpásítọ̀ kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, kí n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onírin tó so mọ́ ilẹ̀ bátìrì, kí ìgbì má baà ráyè wọlé.

Mo padà sí Panteka. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kí ọ̀gá tó ń tẹ irin bá mi fi álúmínọ́ọ̀mù ṣe àpótí, 12 sí 6. Ó kọ ọ́ sí ara ògiri pẹ̀lú ẹfun. Mo san àsansílẹ̀. Èmi ń ronú sẹ̀ǹtímítà. Íǹṣì ni òun fi ń wọ̀n nǹkan láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ nǹkan mìíràn á sọ. Nígbà tí mo dé, àpótí náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dán, kò sí àléébù kan lára rẹ̀. Odindi búrẹ́dì kan wọ inú rẹ̀ láìfún. Àwọn Ìbejì ló dán an wò nílé. Pátákó mi wà ní igun rẹ̀ kan, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Mo fi fóòmù dí i. Mo wá kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, kó lè jọ ti òyìnbó.

Ní Mọ́ńdè Àjíǹde, ìjọ wa lọ ṣe Gálílì ní ọgbà Gamji. Oṣù kẹrin ni, ooru Kàdúná tó ń kó àwọn ènìyàn jáde sí ìta láti sùn. Wọ́n ta ìbòrí fún àwọn àgbà, àwa akọrin wà lórí koríko, oòrùn ń lù wá. Àpótí dúdú mi wà nílẹ̀ níwájú mi láti ìgbà àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó yá, mo tẹ bọ́tìnì. Ó ké fún ìṣẹ́jú kan. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó ń já, ó ń tutọ́, ó wá kú. Mo fi ọwọ́ kan àpótí, mo yára mú un kúrò.

Bí germanium ṣe rí nìyẹn. Iná díẹ̀ a máa jò nínú rẹ̀ kódà nígbà tó yẹ kó sé e, bí ooru bá sì ti lé ní nǹkan bí digíríì mẹ́wàá, ìjò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ohun tí Bàbá yàn fún mi nínú ọyẹ́, tí mo wọ súwẹ́tà gbà lọ́wọ́ wọn, ni mo gbé sínú irin dúdú lábẹ́ oòrùn.

Ọ̀kan nínú àwọn Ìbejì ló gbà mí, àbí kí n ní òun ló pa mí. Ó gbé piọ̀ wọ́tà tó dì gbagidi lé orí àpótí náà, níbi tó rí i pé èéfín ooru ti ń jáde. Kò pẹ́ púpọ̀, ohùn padà! Ó kọ́kọ́ ń wúkọ́, ó wá là, ó sì tún dára ju ti òwúrọ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo. Olórí ẹgbẹ́ akọrin pàápàá, nínú aṣọ funfun rẹ̀, jó wá síwájú mi, ó ń mi orí. Orí mi wú. Ó ku kí n pa ohùn náà fún ègbè, kí n tún wá ṣí i ní àgbékẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo sì fi gbogbo ara tẹ bọ́tìnì náà.

Yìnyín ti yọ́ nínú piọ̀ wọ́tà, ó sì ti yọ̀ wá sórí bọ́tìnì.

Bátìrì 9 volt kì í pa ènìyàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó fara pa. Àmọ́ omi náà pín sí méjì, ìdajì wọ inú àpótí láti ojú ihò tí mo gbẹ́ láṣejù, ìdajì gba ojú olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ sí àyà aṣọ funfun. Áńpù ké "pọ̀ọ̀ọ̀" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Onílù nìkan ló ń lù lọ, nítorí ó dijú.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé àpótí náà lọ sí Television. Omi ṣì ń sẹ̀ nínú rẹ̀.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ ooru fún ọ," Bàbá wí.

"Ẹ sọ ọ́, sà."

"Mi ò sọ ti omi. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ti omi."

Wọ́n ní tíránsítọ̀ silicon ni mo nílò, kì í bẹ̀rù ooru bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe Fuzz Face gan-an kúrò lórí germanium, wọ́n bọ́ sórí BC108 àti àwọn ẹbí rẹ̀. Mo ní ṣé Bàbá ní irú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yí ojú sí ọmọ iṣẹ́ wọn.

Ọmọ náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí. Agolo sàdíìnì ni ó gbé jáde, wọ́n fi bébà oníyanrìn họ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán, bọ́tìnì wà lórí, jáákì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀ ló ti ń gbọ́, tó ń wo àwòrán mi láti ẹ̀yìn èjìká. Silicon tó tú lára tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ló fi ṣe é. Négátíìfù ni ó so mọ́ agolo, nítorí náà àdápítọ̀ á bá a lò láìbú. Oríkèé lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ń dán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo so gìtá mọ́ ọn. Ọ̀sán gangan ni, inú ṣọ́ọ̀bù ń hó, fáànù kò ṣiṣẹ́. Ó ké bí BLO.

"Eélòó ni?" mo ní.

Ó sọ iye kan. Mo ní kí ó rántí pé ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Ìyẹn náà ní owó." Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin kan ní Barnawa ti ra méjì. Mo wo Bàbá kí wọ́n bá mi dá sí i, Bàbá ń wá nǹkan kan lábẹ́ tábìlì tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó rí i pé owó mi kò pé, ó gbé àpótí dúdú mi, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. Ó ní àwọn tó ń ra àlòkù álúmínọ́ọ̀mù ní Panteka, kílò ni wọ́n fi ń rà á, òun lè gba èyí, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó. Bàbá gbé ìwọ̀n jáde. Ọmọ náà fi àpótí kọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dà omi inú rẹ̀ nù kí n tún un wọ̀n."